Ihò Inú Èédú àti Èéfín Tí Ń Pa Ènìyàn

Kò sí ọmọ Òkè-Ògùn kan, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi èédú hàn. Igi àyìn àti igi òrí ni a ń gé lulẹ̀ láti sun ún, àpò rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ nípa ọjà rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a mọ̀ nípa inú rẹ̀ lọ, àìmọ̀ náà sì léwu.

Inú èédú rí bí inú ọ̀gán: ihò nínú ihò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gáàsì tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í rì sínú rẹ̀ bí omi ti ń rì sínú kànìnkànìn. Ara ògiri ihò ni ó ń lẹ̀ mọ́. Bí a bá mú kí oru omi kọjá nínú èédú ní ìwọ̀n ooru 800 sí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ògiri inú gíráàmù kan ṣoṣo rẹ̀ lè tó 1,000 mítà onígun mẹ́rin, èyí tí ó ju púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ihò bá ti fẹ̀ tó ni yóò ṣe gbà tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ihò fífẹ̀ dàbí òpópó: gáàsì ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Ihò tóóró, tí ojú kò lè rí, ni ó ń dì í mú, nítorí ògiri ọ̀tún àti ti òsì jùmọ̀ ń fà á. Ọ̀dà sì máa ń dí púpọ̀ nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú èédú tí a sun lábẹ́ òkìtì yẹ̀pẹ̀ ní oko wa. Èédú ìdáná ni.

Scheele ní 1773 àti Fontana ní 1777 ti rí i pé èédú ń gba gáàsì mọ́ra; Théodore de Saussure, ará Geneva, ni ó wọ̀n ọ́n fínnífínní ní 1814. Èédú igi boxwood gba ammonia, èyí tí ń ta ni nímú nínú ilé ìtọ̀, tó ìlọ́po 90 ìwọ̀n ara rẹ̀. Carbon monoxide kò ju bí ìlọ́po 9 lọ. Hydrogen kò tilẹ̀ pé 2. Èédú kan náà ni, ihò kan náà ni. Gáàsì tí ó rọrùn láti sọ di olómi ni ó ń lẹ̀ dáradára. Nínú gáàsì tí a kò lú mọ́ nǹkan mìíràn ni ó sì ti wọ̀n ọ́n. Nínú yàrá, níbi tí carbon monoxide ti dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, èyí tí èédú yóò gbà kò tó nǹkan.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nígbà ọyẹ́, àwọn kan a máa gbé àdògán tí iná èédú ń jó nínú rẹ̀ wọ yàrá, wọn a sì ti fèrèsé pa. Mo ti gbọ́ kí ẹnìkan wí pé bí a bá kó èédú tútù sí igun yàrá, yóò fa èéfín burúkú náà mu. Irọ́ ni! Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, a sì máa gba ipò oxygen nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà ogun 1914 sí 1918, èédú inú ìbòjú àwọn ọmọ-ogun gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ gáàsì olóró, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí dúró. Ní ìparí ogun náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà po oxide ti manganese àti ti bàbà pọ̀, èyí tí wọ́n pè ní hopcalite, tí ó ń sọ ọ́ di carbon dioxide.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀kọ́ yìí ga ju ọmọ ilé-ìwé kékeré lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dárí jì mí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìgò méjì, ẹ bu ìdọ̀tí ilé ewúrẹ́ sínú wọn, kí ẹ sì fi èédú tí a ti yọ́ gbóná sínú ọ̀kan, nítorí ooru a máa lé ohun tí ó ti dí ihò jáde. Ẹ dé wọn títí di ọjọ́ kejì, kí àwọn ọmọ gbóòórùn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn pé gáàsì mìíràn wà tí imú kò lè gbọ́, tí èédú náà kò sì lè dì mú, kí wọ́n lè sọ fún ìyá wọn nílé pé kí ó gbé àdògán síta kí ó tó sùn.