Òtítọ́ Dọ́jà, Ó Kùtà: Ẹjọ́ Àwọn Olùgbọ́ Lórí Àwo Orin Lauryn Hill

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwo orin kan mu púpọ̀, èyí tí Lauryn Hill, gbajúmọ̀ akọrin híp-họ́ọ̀pù ọmọ ìpínlẹ̀ New Jersey ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2002. MTV Unplugged No. 2.0 ni orúkọ àwo náà. Láti ìgbà tí ó ti jáde ni àwọn olùgbọ́ ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní ọkàn obìnrin náà ti dàrú; àwọn mìíràn ní wòlíì ni. Ó lé ní ogún ọdún tí àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán nílẹ̀. Ó yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò, nítorí pé ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ orin lásán lọ. Kí ni ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra orin ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ akọrin? Kí sì ni kò ní ẹ̀tọ́ sí?

Kí òǹkàwé tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, ó ní láti kọ́kọ́ mọ ibi gíga tí obìnrin yìí dé ṣáájú. Ní ọdún 1996, òun pẹ̀lú Wyclef Jean àti Pras Michel, tí wọ́n jọ ń jẹ́ Fugees, gbé àwo kan jáde tí a ń pè ní The Score, òkìkí wọn sì kàn yí gbogbo ayé ká. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1998, ó dá dúró, ó sì gbé àwo tirẹ̀ jáde, The Miseducation of Lauryn Hill. Ẹni tí ó bá mọ ìwé tí òpìtàn Carter G. Woodson kọ ní ọdún 1933, lórí ẹ̀kọ́ òdì tí a fi ń tọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, kò ní ṣàì mọ ibi tí àkọlé àwo náà ti wá. Nínú àwo yìí ni obìnrin náà ti fi ráàpù àti orin kíkọ sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ, àti ọ̀rọ̀ owó tí ó ń ba ìwà jẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1999, a fún un ní ẹ̀bùn Grammy márùn-ún ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti àwo tí ó dára jùlọ ní ọdún náà, èyí tí akọrin híp-họ́ọ̀pù kankan kò gbà rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún péré ni nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, kò sí àwo tuntun. Kí ọdún 1998 tó parí ni àwọn olórin mẹ́rin tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ lórí àwo àkọ́kọ́ ti pè é lẹ́jọ́, wọ́n ní a kò dárúkọ àwọn bí ó ti yẹ mọ́ àwọn tí ó kọ orin náà tí ó sì ṣètò rẹ̀. Ìta kóòtù ni a ti parí ẹjọ́ náà ní ọdún 2001. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò sọ ìrètí nù. Wọ́n gbà pé àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Wọ́n ń retí kí ìlù tún dún, kí ijó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti dá a dúró.

Ohun tí ó mú bọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń retí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2001, obìnrin náà jókòó níwájú àwọn èrò kéréje kan ní ìlú New York, kí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán MTV lè gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Kò mú onílù dání, kò mú elégbè dání. Òun àti jìtá kan ṣoṣo ni. Orin tí etí kò tíì gbọ́ rí ni ó pọ̀ jùlọ nínú ohun tí ó kọ. Ohùn rẹ̀ há. Bí ó bá kọ orin kan tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run, nípa ẹ̀rù, àti nípa bí òkìkí ti í de ènìyàn mọ́lẹ̀ bí ẹran. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ àsọyé náà gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ó dé orí orin tí ó fi ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹkún gbé e, ó sì ń fi omijé kọ orin náà lọ. Ohùn tí ó há, ọ̀rọ̀ àsọyé àti ẹkún, gbogbo rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Columbia kó sínú àwo méjì, tí wọ́n sì gbé lọ sí ọjà.

Àwọn tí inú bí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ jìtá ta dáadáa kò yẹ kí ó fi í bọ́ sí gbangba. Wọ́n ní orin kan náà ni ó ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní àwọn kò fi owó ra ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kò ra ẹkún. Ijó ni àwọn wá jó. Àwọn alámèyítọ́ kan tilẹ̀ kọ̀wé bí ẹni tí ó ń ròyìn àìsàn, bí ẹni pé yàrá ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn náà kò gba gbẹ̀rẹ́. Wọ́n ní òtítọ́ pọ́nńbélé ni obìnrin náà sọ, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá fẹ́ràn àwo náà, irọ́ ni ó mọ́ onítọ̀hún lára.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Ìhà àkọ́kọ́ ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ó ju wákàtí kan àbọ̀ lọ tí àwo náà fi ń dún, jìtá náà kò sì yí ohùn padà tó bí ó ti yẹ kí ó yí. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ni ó yẹ̀ wò, olùgbọ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti yẹ iṣẹ́ wò. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni ibi tí wọ́n ti fi ohùn tí ó há ṣe ẹ̀rí pé ọkàn akọrin ti bàjẹ́. Ẹni tí ó ń sunkún ní gbangba kò tíì di aláìsàn nítorí ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ó bá kọ̀ láti máa rẹ́rìn-ín fún ọjà ni a ó máa pè ní wèrè, nígbà náà ni ọjà ti di oníṣègùn, tí ó sì ti di adájọ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a mú orin kan ṣoṣo nínú àwo náà, kí a fi wọn ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin náà ṣàlàyé fún àwọn èrò pé ikú Amadou Diallo ni ó fa orin kan tí ó fẹ́ kọ. Ta ni Diallo? Ọmọkùnrin ilẹ̀ Gíní ni, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹni ọdún 23, tí ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ní New York. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ bá a ní ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ń gbé ní àdúgbò Bronx. Àpò owó rẹ̀ ni ó fẹ́ fà yọ; wọ́n ní ìbọn ni àwọn rò pé ó jẹ́. Ọta ìbọn 41 ni wọ́n yìn, 19 sì bà á. Kò ní ohun ìjà kankan lára. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ilé ẹjọ́ dá àwọn ọlọ́pàá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ó yẹ kí a bi àwọn tí ó ń bèèrè ohùn dídùn léèrè pé: irú ohùn wo ni ó yẹ kí a fi kọ orin ọta ìbọn 41? Ṣé èyí tí ó mọ́ gaara bí omi orísun, tí onílù àti afunfèrè ń gbè lẹ́yìn? Ohùn tí ó há bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ẹni tí ó pa orin náà nítorí ohùn rẹ̀ pa orúkọ Diallo mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ìhà kejì pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn wí pé orin kan gùn jù. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́ ni pé bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ dun ènìyàn tó, ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ kì í gba ipò iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń sọ pé gbogbo ohun tí ó ti inú ọkàn wá ti pé láìsí àtúnṣe kò ṣe akọrin náà ní oore, nítorí pé ó ń gba ìmọ̀ràn tí ì bá ràn án lọ́wọ́ kúrò ní etí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn olórin mẹ́rin tí ó lọ sí kóòtù tún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń fi àwo ọdún 1998 na àwo ọdún 2002 ní pàṣán gbàgbé pé iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ni ti àkọ́kọ́: onílù, elégbè, afunfèrè, àti àwọn tí ó ń tún ohùn ṣe ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ti èkejì, ọwọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó fi ilé tí a ti kùn ní ọ̀dà wé ìpìlẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lélẹ̀, tí ó sì ń bínú pé ìpìlẹ̀ kò ní fèrèsé, kò ṣe ìdájọ́ òdodo.

Ẹ̀rí sì wà pé ìpìlẹ̀ náà dúró ṣinṣin. Ní ọdún 2004, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ nígbà náà, Kanye West, mú díẹ̀ nínú orin Mystery of Iniquity, èyí tí ó wà nínú àwo tí àwọn ènìyàn ń fi ṣẹ̀sín yìí, ó ní kí Syleena Johnson tún un kọ, ó sì fi ìlù sí i. Orin náà, All Falls Down, di ààyò káàkiri. Àwọn tí kò lè fara da orin náà nígbà tí ó wà ní ìhòòhò kò mọ̀ pé òun náà ni àwọn ń jó sí nígbà tí a wọ aṣọ fún un. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni àdánù inú ọ̀rọ̀ yìí? Títí di ọdún 2024, Lauryn Hill kò tíì gbé àwo mìíràn tí a ṣe ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ jáde lẹ́yìn ti ọdún 1998. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé ẹnu àwọn olùgbọ́ ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ ọkàn ẹni jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ohun kan hàn kedere. Àwọn orin tí a gbọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà ní ọdún 2001 wà bí wọ́n ti wà, láìsí ẹni tí ó bá a kọ́ ilé náà parí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ilé iṣẹ́ Apple Music to ọgọ́rùn-ún àwo tí wọ́n kà sí èyí tí ó dára jùlọ, àwo ọdún 1998 ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo wọn. Ọlá náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi adé dé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lórí lọ́dọọdún, tí a kò sì fẹ́ gbọ́ ohun tí obìnrin náà ní í sọ nígbà tí ó dàgbà sí i, a jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ ni a fẹ́, a kò fẹ́ òun fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ìdájọ́ tí ó tọ́ kò le láti rí. Olùgbọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wí pé jìtá kò yí ohùn padà, pé ọ̀rọ̀ àsọyé pọ̀ jù, pé orin yìí dùn ju tọ̀hún lọ. Ó ní ẹ̀tọ́ láti fi owó rẹ̀ sí àpò, kí ó sì máa lọ. Ohun tí kò sí nínú owó tí ó san ni pé kí akọrin máa jẹ́ ẹni tí ó jẹ́ ní àná títí ayé. Nígbà tí akọrin tí ó ti dákẹ́ fún ọdún mélòó kan bá padà dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe pé, ‘Ṣé ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni ó gbé bọ̀?’ Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé, ‘Kí ni ó rí níbi tí ó lọ?’ Kí ẹni tí kò tíì gbọ́ àwo náà já wá a, kí ó jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni dá ẹjọ́. Bí ó bá gbọ́ ọ tán tí kò sì fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ orúkọ Diallo ná.