Ẹ Má Yọ́ Tọ́rọ́ Ìyá Yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kó owó fàdákà àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹ dúró ná! Ọ̀rọ̀ yín ń ká mi lára, nítorí èmi náà ti jẹ̀bi rí. Tọ́rọ́ méje ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní kí wọ́n yọ́ wọn fi ṣe òrùka. Òrùka ọ̀hún ti sọnù. Tọ́rọ́ ò sì lè padà wá mọ́.

Àwọn kan á ní, "Tọ́rọ́ kan náà ni gbogbo wọn." Irọ́ ni! Láti 1913 títí dé 1920 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fàdákà ṣe tọ́rọ́, sísì àti ṣílè tí àwọn bàbá wa ná. Nígbà tí fàdákà wọ́n gógó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, idẹ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn tọ́rọ́ 1913. Bí ẹ bá rí lẹ́tà H kékeré, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, London ló ti wá. Òǹtẹ̀ irin tí wọ́n fi ń tẹ owó pàápàá a máa gbó, wọn a sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi awò wo owó ọdún kan náà dáadáa lè rí i pé òǹtẹ̀ wọn ò dọ́gba.

Ìwọ̀n nìkan ni alágbẹ̀dẹ ń wò ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tọ́rọ́ kan ò tó gíráàmù kan ààbọ̀! Ṣé torí ìyẹn la ṣe ń ba ìtàn wa jẹ́? Ẹ má fi eérú ha á, kí àmì ara rẹ̀ má baà pa rẹ́. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bí iná bá ti yọ́ ọ tán, àbámọ̀ ló kù.