Omi Náà Lẹ́tọ̀ọ́
Láti 1995 ni àjọ ìjọba kan ti ń ra ilẹ̀ padà fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà. Ilẹ̀ nìkan ni níbẹ̀rẹ̀ o! Bẹ́ẹ̀, odò àti òkun ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ wọn láti ayébáyé. Ní 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ọsirélíà dá àwọn Yolngu, ọmọ ìbílẹ̀ Blue Mud Bay, láre pé apẹja gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó wọ ibi tí òkun ti ń kún bo ilẹ̀ wọn. Síbẹ̀, ó di 2019 kí òfin tó fi omi kún iṣẹ́ àjọ náà. Ó pẹ́ jù, lójú tiwa. Kó tó dìgbà náà, ìwé àṣẹ láti lo omi àti láti pẹja ti di ọjà olówó ńlá, àwọn olóko àti ilé iṣẹ́ ńlá sì ti rà á ṣíwájú.