Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Igbó Ní Í Tu Awọ Ẹlẹgẹ́ Lára

Ẹ̀yin ará Bassila, ẹ̀yin ènìyàn Manigri, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń jí ṣa èso emi ní ìdájí nígbà òjò, tí ẹ sì ń fọwọ́ pò ó títí yóò fi di òrí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yóò ta àwọn kan lára bí ata. Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín wa, pé ohunkóhun tí ó bá ti ara ewé, èso tàbí egbò igi wá kò lè ṣe awọ ara ní jàǹbá, àti pé ẹni tí awọ rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, tí ó ń ya bí nǹkan bá họ ọ́, kí ó máa fi ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ dúdú àti kànhìnkàn líle bó o títí awọ tuntun tí ó nípọn yóò fi yọ. Mo ní irọ́ ni.

Kí ni ẹ rí wí sí kajú? Oko kajú ló yí wa ká; igi ni, Ọlọ́run ló dá a, a kò fi ẹ̀rọ rọ ọ́. Síbẹ̀, ta ni nínú yín tí yóò fi epo inú èèpo kóró rẹ̀ pa ọmọ tuntun lára? Gbogbo wa mọ bí epo náà ti ń jó ọwọ́ ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán fọ́ kóró náà, tí awọ yóò dúdú, tí yóò sì ṣí. Bí ohun igbó bá ń tura nítorí pé inú igbó ni ó ti wá, epo kajú ì bá ti wà nínú igbá ìpara gbogbo ìyá ọlọ́mọ.

Ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú kò dára lára awọ ẹlẹgẹ́. Àwọn onímọ̀ a máa fi oǹkà díwọ̀n kíkan: ti awọ ara wà ní nǹkan bí 5, ti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ní nǹkan bí 2, oókan tí oǹkà náà bá sì fi relẹ̀, kíkan ti di ìlọ́po 10. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o, nítorí bí oòrùn bá bá oje náà lára, ó lè jó awọ di ìléròrò, àpá dúdú rẹ̀ a sì pẹ́ kí ó tó parẹ́. Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú sè, n kò jiyàn pé ó ń fọ ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ó ń fọ ọ̀rá tí Ẹlẹ́dàá fi ṣe òrùlé awọ lọ pẹ̀lú, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gan-an ń fa omi ara ẹni mu.

Kí ni ó tilẹ̀ ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́? Nínú awọ ni okùn tín-ín-tìn-tín wà tí ó gbé e ró bí òpó ti ń gbé ilé ró. Ọjọ́ orí a máa dín wọn kù, oòrùn oko a máa já wọn, ìpara abóra tí a po oògùn clobetasol mọ́ a sì máa dá iṣẹ́ híhun wọn dúró. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹni tí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ti sọ awọ rẹ̀ di èèpo àlùbọ́sà, ìdí ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n tún ń darí rẹ̀ sí, bí ẹni pé kànhìnkàn lè hun okùn tí ó ti já. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ, kí wọ́n kọ́ ọ bí yóò ti fi ìpara náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ó bá ti pẹ́ lára, jíjáwọ́ lójijì lè mú kí ara gbóná kí ó sì wú.

Wọn yóò ní òrí ni àwọn ìyá wa lò. Bẹ́ẹ̀ ni, òrí atura, òrí tí oòrùn ń yọ́, tí òtútù ń dì, tí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn tó yọ́. Ṣùgbọ́n òrí pàápàá kì í mú awọ nípọn, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tà á fún yín. Omi ni ó ń há mọ́ ara, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí á fi í pa ara kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wẹ ìyá àgbà, ẹ gbé kànhìnkàn náà kọ́ sára ògiri, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì fi ẹ̀wù alápá gígùn wọ̀ wọ́n bí wọ́n bá ń lọ sí oko kajú.