Ẹ Jẹ́ Ká Máa Kágò fún Káàdì

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá tó ní ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà nínú.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́rin ṣe ẹ̀rọ kan tó ń kọ bí ooru àti òjò ṣe rí sínú káàdì SD. Àwa náà la kọ dírẹ́bà rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Nínú yàrá, kò sí àbùkù. Nígbà tí a gbé e síta, a fi káàdì mìíràn sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a rí i pé àkọsílẹ̀ ọjọ́ mélòó kan kò sí níbẹ̀. Òjò tó ti rọ̀ kò sì ní padà wá rọ̀ nítorí tiwa.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn gbà wá ni pé, "Ẹ fi kún ìdúró rẹ̀." A sún un láti mílísẹ́kọ́ńdì 10 sí 50, láti 50 sí 100. Àṣìṣe dínkù, kò tán. Lójú tiwa, ìmọ̀ràn yìí kò dára, ó yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀.

Káàdì kì í ṣe pátákó lásán. Ó ń pa nǹkan àtijọ́ rẹ́, ó ń kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ara rẹ̀. Nígbà mìíràn ó yá, nígbà mìíràn ó pẹ́. Ìwé ìlànà gba káàdì SDHC láàyè tó mílísẹ́kọ́ńdì 250 láti kọ nǹkan. Bí a bá ń dúró tó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ̀rọ á máa fà bí ìgbín. Bí a kò bá sì dúró tó, dátà á ṣòfò.

Àwa tí wọ́n bí sí òkè Ọya, àwọn òbí wa kọ́ wa pé a kì í já wọ ilé onílé. A ó kágò, a ó dúró kí onílé wí pé, "Àgò yà." Káàdì náà ń dáhùn: bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, iná orí wáyà dátà á wálẹ̀, bí ó bá ṣe tán, á gòkè. Kí dírẹ́bà máa wo wáyà yìí kó tó sọ̀rọ̀ mìíràn.

Ṣùgbọ́n a kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí 250 bá kọjá tí káàdì kò dáhùn, kí dírẹ́bà kéde àṣìṣe, kó má ṣe bí ẹni pé ó ti kọ ọ́. Nígbà tí káàdì bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ẹ fún un ní ìlù aago 74, ó kéré tán, kí ẹ tó pàṣẹ. Kí aago má yára ju 400 kHz lọ, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 1 sílẹ̀ fún un láti ṣe tán.

Ẹnìkan lè wí pé àkókò kò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi méfò. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo la fi kọ́ dírẹ́bà wa láti kágò. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ìlànà kékeré tí ẹgbẹ́ SD Association gbé jáde. Ẹ kà á. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.