Òfin Tí Ń Fìyà Jẹ Olóòótọ́ Kò Bá Ìsìláàmù Tan

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kan lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Mushin, Yaba àti Surulere. Wọn a ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ohun tí àwọn òyìnbó kó dé, pé Ìsìláàmù ti fi ìjánu sí ahọ́n, àti pé bí ìjọba bá gbé oníwèé-ìròyìn tì mọ́lé, iṣẹ́ ẹ̀sìn ni ìjọba ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìjánu tí Ọlọ́run fi sí ahọ́n òpùrọ́ yàtọ̀ sí okùn tí aláṣẹ fi ń di olóòótọ́ lẹ́nu. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní nǹkan kan náà ti ṣi ẹ̀sìn túmọ̀.

Kí ni Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sọ nípa ahọ́n? Nínú Suratul-Hujurat, Ọlọ́run pàṣẹ pé bí òbìlẹ̀jẹ́ bá mú ìròyìn wá, kí àwọn onígbàgbọ́ òdodo wádìí rẹ̀ dájú, kí wọ́n má baà ṣe àwọn ènìyàn kan ní aburú láìmọ̀. Nínú Suratun-Nur, ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan ọmọlúàbí obìnrin, tí kò sì mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, ọgọ́rin kòbókò ni tirẹ̀. Irọ́ ni òfin wọ̀nyí ń lé kiri. Aláìlágbára tí wọ́n purọ́ mọ́ ni wọ́n ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n nínú Suratun-Nisa, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé òun kò fẹ́ ariwo ọ̀rọ̀ burúkú, Ó yọ ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí sọ́tọ̀: onítọ̀hún lè ké. Nínú Sura kan náà ni Ó ti pàṣẹ ẹ̀rí òdodo, ìbáà ta ko ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀, tàbí òbí rẹ̀, tàbí olówó. Ọ̀rọ̀ òdodo níwájú aláṣẹ alábòsí sì wà lára jihad tí ó lọ́lá jù lọ, gẹ́gẹ́ bí Ànábì (S.A.W.) ti fi kọ́ni.

Kí olúkúlùkù wá fi èyí wé Dìkírì Kẹrin ti ọdún 1984, òfin tí ìjọba ológun Muhammadu Buhari àti Tunde Idiagbon ṣe. Orúkọ òfin náà sọ pé ó wà láti gba òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké. Ìbá mọ bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí kan kì bá tí bá a jà. Ṣùgbọ́n inú òfin náà kò bá orúkọ rẹ̀ mu. Kò dúró lórí ìròyìn tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ó tún sọ ìròyìn èyíkéyìí tí ó bá lè sọ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ di ẹni ẹ̀sín di ọ̀ràn. Ẹni tí wọ́n bá fi apá kejì yìí mú, òtítọ́ kò lè gbà á sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, ọdún 1984, wọ́n sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor, oníròyìn The Guardian, sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, wọ́n sì bu owó ìtanràn N50,000 lé ilé-iṣẹ́ wọn. Kí ni wọ́n kọ? Ìròyìn nípa àwọn aṣojú tí ìjọba fẹ́ rán lọ sí òkè òkun ni. Wọn kò ba obìnrin kankan lórúkọ jẹ́, wọn kò sì bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Mùsùlùmí ni Buhari, Mùsùlùmí sì ni Idiagbon. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé òfin náà dára. Ẹ̀rí asán ni. Ìrun tí aláṣẹ ń kí kò sọ òfin rẹ̀ di Sharia. Òfin Ọlọ́run ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ̀sùn kanni kí ó lè gba aláìlágbára sílẹ̀. Dìkírì Kẹrin gba alágbára sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rí. Ọdún 1985 ni ìjọba Babangida fa òfin náà ya, ṣùgbọ́n ìwà tí ó bí i kò bá a kú.

Àwọn mìíràn a ní kò kan àwọn, nítorí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ kì í ṣe ẹni rere. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fela ní Ojú Ọ̀nà Mọ́tò Agége, nítòsí ibùdókọ̀ Mọ́ṣáláṣí ní Ìdí-Orò. Wọ́n dáná sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Ọdún kejì ni ìyá náà kú. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ sọ pé sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ó ṣe é. Mùsùlùmí kò ní fi ìgbésí ayé Fela ṣe àwòkọ́ṣe. Síbẹ̀, kì í ṣe nítorí igbó tàbí ìṣekúṣe ni ìlú fi mọ̀ ọ́n ní ọ̀tá àwọn ológun. Orin tí ó fi ń bú wọn ni. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, ìjọba Sani Abacha ti ilé-iṣẹ́ ìwé-ìròyìn Concord pa. Ta ni ó ni Concord? M.K.O. Abiola ni, Baba Àdínì ilẹ̀ Yorùbá. Ó sọ pé òun ni ìlú dìbò yàn ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ọ̀rọ̀ yìí sì gbé e dé àtìmọ́lé títí ó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998. Wọ́n pa ìyàwó rẹ̀, Kudirat, sí ìgboro Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Pàṣán kò béèrè ẹ̀sìn ẹni tí ó fẹ́ nà.

Àwọn ológun ti lọ, pàṣán kò kúrò lájà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba alágbádá Buhari kan náà ti Twitter pa mọ́ gbogbo Nàìjíríà, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní ọdún náà pé ìgbésẹ̀ yìí kò bófin mu. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tún wà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015. Abala 24 rẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ kan náà fi sọ ní ọdún 2022 pé ó tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ lójú. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2024. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, àwọn ọlọ́pàá mú oníròyìn Daniel Ojukwu lábẹ́ òfin yìí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá a títí kí wọ́n tó gbọ́ pé Panti ní Yaba ni ó wà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ sí Abuja. Iṣẹ́ tí ó kọ dá lórí owó ìlú. Ọ̀dọ́ tí ó ń gba Panti kọjá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni.

Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sì rántí ọ̀rọ̀ hijab. Láti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Surulere ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí pàdánù rẹ̀ ní ọdún 2014, wọ́n jàre ní ọdún 2016, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi ọwọ́ sí ìdáláre náà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022. Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ni ó dáàbò bo ẹ̀sìn. Èyí tí ó tẹ̀ lé e gan-an, abala 39, ni ó dáàbò bo ọ̀rọ̀. Ara ògiri kan ni wọ́n jọ fi ti. Ẹni tí ó bá ń gbádùn ọ̀kan, tí ó sì ń yọ̀ bí wọ́n ti ń wó èkejì, ilé ara rẹ̀ ni ó ń bá wọn wó.

Ó ku ti inú ilé. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn béèrè ìṣirò owó tí wọ́n dá fún kíkọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Sura kan wà nínú Kùránì tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára obìnrin tí ó ń jiyàn, Suratul-Mujadilah. Ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ ni ó gbé tọ Ànábì (S.A.W.) lọ. Kò dákẹ́, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí Ànábì bá lè fara balẹ̀ gbọ́ ẹni tí ó ń bá a jiyàn, ta ni alága ìgbìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi léèrè owó símẹ́ǹtì?

Iṣẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí hàn kedere. Kí ó wádìí kí ó tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, nítorí irọ́ orí fóònù ni àwáwí tí aláṣẹ ń wá. Kí ó má ṣe ba ẹnikẹ́ni jẹ́ lẹ́yìn. Bí ó bá ti rí òtítọ́, kí ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí ó sì dúró tì í. Bí wọ́n bá sì gbé olóòótọ́ tì mọ́lé, kí ó gbèjà rẹ̀, ìbáà jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò kírun rí. Kí Ọlọ́run Ọba fi ẹsẹ̀ àwọn olóòótọ́ múlẹ̀. Àmín.