Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ àká dání? Ẹ̀kọ́ inú ìjà WordPress

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ìkànnì fún oníbàárà jẹun, ẹ má pe ìjà Matt Mullenweg àti iléeṣẹ́ WP Engine ní ìjà òyìnbó lásán. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yín wà níbẹ̀.

Bó ṣe lọ rèé. Mullenweg, ọ̀kan lára àwọn tó dá WordPress sílẹ̀, ní WP Engine ń pa owó ńlá lórí WordPress láì ṣe ìrànwọ́ tó yẹ fún un. Ní 25 oṣù kẹsàn-án, 2024, wọ́n ti ilẹ̀kùn WordPress.org mọ́ iléeṣẹ́ náà. Lójú ẹsẹ̀, àwọn oníbàárà tí ìkànnì wọn wà lórí sáfà WP Engine ò rí ẹ̀dà tuntun plugin gbà mọ́. Wọn ò mọwọ́, wọn ò mẹsẹ̀.

Ní 12 oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ tún burú sí i. WordPress.org gba àyè plugin ACF, tó jẹ́ ti WP Engine, ó sì sọ ọ́ di Secure Custom Fields. Wọ́n ní nítorí ààbò ni. Ìkànnì tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ń lo plugin yìí. Ẹni tó bá fi ìkànnì rẹ̀ sílẹ̀ kó máa gba ẹ̀dà tuntun fúnra rẹ̀, nǹkan mìíràn ló bá nílé. Ní 10 oṣù kejìlá, ilé ẹjọ́ kan ní California pàṣẹ pé kí wọ́n dá àyè náà padà, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn.

Àmọ́ ẹ wo ibì kan dáadáa: àwọn tó sanwó fún ACF PRO ò fara gbá a. Kí ló dé? Àká tí àwọn tó ni plugin náà ń ṣọ́ fúnra wọn ni ẹ̀dà tiwọn ti ń wá, kì í ṣe WordPress.org.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni yòówù kó jàre, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ àká dání ló ń pàṣẹ ohun tó ń wọ ìkànnì yín. Composer, tí àwọn oníṣẹ́ PHP fi ń kó ẹrù, náà ní irú ewu yìí. Packagist tó ń lò kì í tọ́jú kóòdù. Ó kàn ń júwe ibi tó wà ni, bíi GitHub. Bí ẹni tó ni í bá pa á rẹ́ níbẹ̀, composer.lock yín á ṣì rántí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í rí ẹrù gbé.

Ṣé ọ̀nà àbáyọ wà? Ó wà, kò sì wọ́n. Àwọn tó ṣe Composer ló ṣe Satis, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń to gbogbo ẹrù yín sínú fáìlì packages.json, tẹ́ ẹ lè gbé sórí sáfà kékeré. Ẹ lè ní kó máa tọ́jú zip wọn pẹ̀lú. Plugin tẹ́ ẹ rà, tó jẹ́ zip nìkan lẹ rí gbà, ẹ kó ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sínú git àdáni, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ sàmì sí i. Satis á kà á. Ẹni tí ò fẹ́ wàhálà lè sanwó fún Private Packagist.

Àmọ́ àká tẹ́ ẹ bá kọ́, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá rí ihò nínú plugin kan lónìí, ẹ̀dà àtijọ́ tẹ́ ẹ tọ́jú ò ní í tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti àká náà pa, ẹ má sì gbé auth.json síta. Ẹ ka àdéhùn plugin tẹ́ ẹ rà kẹ́ ẹ tó pín in fún oníbàárà.

Ẹni tó ní ìkànnì méjì mẹ́ta ò nílò gbogbo èyí. Kó ṣáà tọ́jú zip síbi tó dájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bójú tó ogún, ọgbọ̀n ìkànnì, tí oníbàárà ń sanwó fún un lóṣooṣù, ojú olójú ò lè jọ ojú ẹni. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́la, mélòó nínú wọn lẹ lè gbé dìde kílẹ̀ tó ṣú?